Sílàìdì bàlúù ni mo gbà bọ́ tí egungun gìgísẹ̀ mi fi fọ́. Wọ́n ní àwọn ò jẹ̀bi. Ṣé ẹjọ́ wà níbẹ̀?

Ìyá Ìbejì kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ níbí láìdá sí i. Ohun tó wà lọ́rùn mi báyìí ló jẹ́ kí n lanu.

Oṣù mọ́kànlélógún sẹ́yìn ni. Mo wọ bàlúù láti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn. Bàlúù ti ń sáré lórí ilẹ̀, ó ku díẹ̀ kó gbéra, la bá gbọ́ "gbàà!" lápá ọ̀tún. Awakọ̀ tẹ bíréèkì tó bẹ́ẹ̀ tí iwájú orí mi fi lu ẹ̀yìn àga tó wà níwájú mi. Nígbà tí a dúró, èéfín ń yọ́ wọlé láti ẹ̀yìn. Kò pọ̀, àmọ́ òórùn rẹ̀ dà bíi ti rọ́bà tó ń jó. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pariwo pé kí gbogbo wa máa bọ́ sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má gbé ẹrù.

Mo fi báàgì mi sílẹ̀. Mo bọ́ bàtà mi, torí pé bàtà gogoro ni. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ni mo rí i pé sílàìdì yẹn, rọ́bà gígùn tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí tí èèyàn ń yọ̀ bọ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀, ga púpọ̀ ju bí wọ́n ṣe yà á sínú ìwé ìtọ́ni tó wà nídìí àga lọ. Ọmọbìnrin kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ bàlúù gbé ọwọ́ lé mi lẹ́yìn, ó ní, "Fò!" Mo fò. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì gbára lé rọ́bà yẹn kí n má baà sáré jù, awọ ibẹ̀ sì bó bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára. Ẹsẹ̀ mi kan ilẹ̀. Bí mo ṣe fẹ́ dìde ni ọkùnrin kan yọ̀ wálẹ̀ lé mi lórí, tòun ti báàgì onítáyà tó dì mọ́ àyà. Mo gbọ́ ọ nínú gìgísẹ̀ mi, "kẹ́", bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ.

Wọ́n fi irin pẹlẹbẹ kan àti sukúrù mẹ́fà to egungun náà. Títí dòní, bí mo bá dúró ju ìdajì wákàtí lọ, ẹsẹ̀ yẹn á wú, á máa gbóná. Iṣẹ́ ìdúró sì ni iṣẹ́ mi, mo ti fi í sílẹ̀. Lóru, òórùn rọ́bà jíjó yẹn ló máa ń jí mi. Màá dìde jókòó, màá máa wá ẹnu ọ̀nà.

Láti ìgbà náà ni èmi àti ilé-iṣẹ́ bàlúù ti ń kọ ímeèlì síra wa. Ọ̀rọ̀ wọn kò yí padà: àwọn òṣìṣẹ́ àwọn ṣe ohun tó yẹ, kò sí ẹni tó kú, nítorí náà àwọn kò jẹ̀bi ohunkóhun. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n fi ìwé kan ránṣẹ́ pé àwọn á dá owó tíkẹ́ẹ̀tì padà, àwọn á sì fi owó díẹ̀ kún un "nítorí àánú", bí mo bá buwọ́ lù ú láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Àwọn ọmọ yẹn ló gbà mí là. Báwo ni màá ṣe wá pe ẹni tó yọ mí nínú iná lẹ́jọ́? Àbí ọkùnrin oníbáàgì yẹn ni kí n máa wá kiri? Ìpayà òru yìí ńkọ́, ṣé kóòtù ń ka irú rẹ̀ sí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó sọ fún mi.

Amòfin dáhùn:

Ẹ kú ewu, Mà. Ẹ kú orí ire pẹ̀lú, torí ìròyìn yín ìbá lè burú ju báyìí lọ. Ẹjọ́ èrò bàlúù tó fara pa wà lára iṣẹ́ tí mò ń ṣe lójoojúmọ́. Ẹ má buwọ́ lu ìwé yẹn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná.

Èsì tí wọ́n ń fún yín kì í ṣe èsì sí ìbéèrè tí òfin bi wọ́n. Ìrìnàjò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn ni ẹ lọ, nítorí náà ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ó dè yín pọ̀ ni Àdéhùn Montreal, òfin tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ fọwọ́ sí lórí ìrìnàjò bàlúù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ọdún 1999 ni wọ́n ṣe é, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 4 oṣù Kọkànlá 2003, orílẹ̀-èdè tó sì ti wọ inú rẹ̀ ti lé ní 130. Abala 17 rẹ̀ kò béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Ohun tó béèrè kò ju pé: ṣé èrò náà fara pa? Ṣé ìjàǹbá ló fà á? Ṣé inú bàlúù ló ti ṣẹlẹ̀, tàbí nígbà tí wọ́n ń wọ̀ ọ́ tàbí tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ nínú rẹ̀? Kí èèyàn máa yọ̀ bọ́ láti ẹnu ọ̀nà lórí sílàìdì, sísọ̀kalẹ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe irú èyí tí ẹnikẹ́ni fẹ́.

Ohun tí wọ́n ń pè ní ìjàǹbá níbẹ̀, kóòtù tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti ṣàlàyé rẹ̀ ní 1985, lábẹ́ àdéhùn àtijọ́ tí Montreal rọ́pò, nínú ẹjọ́ kan tí wọ́n pe Air France, ọ̀pọ̀ kóòtù ayé ló sì ń tẹ̀ lé e: ohun àìròtẹ́lẹ̀ tàbí ohun tí kò wọ́pọ̀, tó ti ìta ara èrò wá. Bàlúù tó bú gbàà, tí wọ́n ní kí gbogbo èèyàn fò sílẹ̀, tí ẹlòmíràn tún já lu èèyàn nísàlẹ̀. Èwo ló wọ́pọ̀ níbẹ̀?

Níbo wá ni "a ṣe ohun tó yẹ" ti wúlò fún wọn? Iye owó kan wà nínú Abala 21 tó dà bí ìlà. Títí dé ìlà yẹn, ilé-iṣẹ́ bàlúù kò lè fi àìjẹ̀bi gbèjà ara rẹ̀ rárá. Ó di òkè ìlà náà kí wọ́n tó lè sọ pé àwọn kò ṣe àìbìkítà, àwọn náà ló sì gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí rẹ̀ wá, kì í ṣe ẹ̀yin. Bí ìjàǹbá yín bá ṣẹlẹ̀ láti 28 oṣù Kejìlá 2024 wá, 151,880 SDR ni ìlà náà. Bó bá ṣáájú ọjọ́ yẹn, 128,821 ni. SDR kì í ṣe owó tí èèyàn ń ná. Ìṣirò IMF, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ owó lágbàáyé, ni, wọ́n ń fi dọ́là, yúrò, yuan, yẹ́n àti pọ́n-ùn ṣe é, kóòtù á sì yí i padà sí owó ibi tí ẹjọ́ wà. Ẹ má sì rò pé wọ́n á ka gbogbo rẹ̀ lé yín lọ́wọ́. Ohun tí ẹ bá lè fi ẹ̀rí hàn pé ó bọ́ lọ́wọ́ yín ni wọ́n á san: owó ilé ìwòsàn, owó oṣù tí kò wọlé mọ́, ìrora, ìtọ́jú tó ń bọ̀.

Ọ̀nà kan wà tí wọ́n lè gbà dín in kù, Abala 20. Bí èrò fúnra rẹ̀ bá dá kún ìpalára rẹ̀, wọ́n á yọ ìwọ̀n tirẹ̀ kúrò. Ẹni tó gbé ẹrù, ẹni tó fi bàtà gogoro fò lẹ́yìn tí wọ́n ti ní kó bọ́ ọ. Ẹ̀yin bọ́ bàtà, ẹ fi báàgì sílẹ̀. Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀ báyìí, kí ó má di ohun tí ẹ ó máa rántí tipátipá lójú adájọ́.

Nípa ọkùnrin yẹn, ẹ lè pè é lẹ́jọ́ lábẹ́ òfin ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ó kọ́kọ́ mọ orúkọ rẹ̀ ná, ẹ ó sì wádìí bóyá ó ní ohun tó máa fi san án. Ohun tó ṣe wà lára ìjàǹbá tí ilé-iṣẹ́ bàlúù ń dáhùn fún. Bí wọ́n bá fẹ́, kí àwọn fúnra wọn lọ gba tiwọn lọ́wọ́ rẹ̀. Abala 37 fi àyè ìyẹn sílẹ̀ fún wọn.

Ẹni tó ṣe ẹ́ńjìnnì, tàbí ẹni tó ṣe sílàìdì bí òun ló níṣòro, kò sí lábẹ́ àdéhùn yìí. Òfin tirẹ̀ yàtọ̀, gbèdéke ọjọ́ tirẹ̀ náà yàtọ̀, ẹ sì máa ní láti fi hàn pé nǹkan náà ní àbùkù. Kí lọ́yà yín wò ó lọ́tọ̀.

Ìpayà òru yẹn wá ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Àdéhùn náà sọ pé ìpalára "ara". Ní 1983, bàlúù Eastern Airlines kan tó gbéra ní Miami pàdánù ẹ́ńjìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú òfurufú, wọ́n sọ fún àwọn èrò pé inú òkun ni wọ́n máa balẹ̀ sí, àfi bí ẹ́ńjìnnì kan ṣe padà ṣiṣẹ́. Àwọn èrò pe ẹjọ́ nítorí ìpayà. Ní 1991 kóòtù tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ní ìpayà nìkan, láìsí ọgbẹ́, kò sí owó lórí rẹ̀. Tọkọtaya kan tún wà tí bàlúù wọn sáré kọjá òpin ọ̀nà ní pápákọ̀ JFK ní 1999, tí wọ́n ní láti fò sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 8. Wọ́n fara pa, wọ́n sì ń páyà. Ní 2004 kóòtù kan níbẹ̀ sọ pé ìpayà tó bá ti ara ọgbẹ́ wá nìkan ni wọ́n lè gba owó lé lórí. Ẹ wo nǹkan kan níbẹ̀ o: láti Baltimore sí New York péré ni bàlúù yẹn ń lọ, ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì wọn dé London, nítorí náà òfin ìrìnàjò òkèèrè ni wọ́n lò.

Yúróòpù ti gba ọ̀nà míì. Ní 1 oṣù Kẹta 2019, ẹ́ńjìnnì òsì bàlúù Laudamotion kan bú nígbà tó fẹ́ gbéra ní pápákọ̀ Stansted ní London. Wọ́n ní kí àwọn èrò sọ̀kalẹ̀. Afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì ọ̀tún tó ṣì ń ṣiṣẹ́ gbé obìnrin kan sọ nù ní ìwọ̀n mítà mélòó kan. Ìpayà ló pe ẹjọ́ lé lórí. Ní 20 oṣù Kẹwàá 2022, Kóòtù Ìdájọ́ Yúróòpù sọ pé ìpalára ọkàn náà ní owó gbà-má-bínú, kódà bí kò bá ti ara ọgbẹ́ wá, bó bá ti le débi tó ba ìlera èèyàn jẹ́ lápapọ̀, tí kò sì lè lọ láìsí ìtọ́jú oníṣègùn. Nítorí náà, Mà, ibi tí ẹ bá pe ẹjọ́ ṣe pàtàkì púpọ̀. Abala 33 fún yín ní ibi márùn-ún: ibi tí ilé-iṣẹ́ náà fìdí kalẹ̀ sí, ibi tí olú iṣẹ́ wọn wà, ibi tí ẹ̀ka wọn ti ta tíkẹ́ẹ̀tì fún yín, ibi tí ìrìnàjò yín ń lọ, àti ibi tí ẹ ń gbé ní tòótọ́ bí wọ́n bá ń fò lọ síbẹ̀ tí wọ́n sì ní iṣẹ́ níbẹ̀.

Ohun tó ń ba èmi lẹ́rù nínú ìwé yín ni "oṣù mọ́kànlélógún". Ọdún méjì péré ni Abala 35 fún yín, láti ọjọ́ tó yẹ kí bàlúù ti gúnlẹ̀ tàbí ọjọ́ tí ìrìnàjò náà dúró. Ímeèlì kì í dá ọjọ́ yẹn dúró. Ìlérí kì í dá a dúró. Àfi kí ìwé ìpẹ̀jọ́ ti wọ kóòtù. Oṣù mẹ́ta ló kù fún yín. Ẹ wá lọ́yà lọ́sẹ̀ yìí.

Ọmọ Inú Bàlúù dáhùn:

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣiṣẹ́ nínú bàlúù, mo sì ti ti èèyàn lẹ́yìn bí ọmọbìnrin yẹn ṣe ti yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ti rí lọ́kàn wa: a mọ̀ pé àwọn kan máa fara pa. Kí wọ́n tó gba bàlúù ńlá láyè láti máa gbé èrò, ó gbọ́dọ̀ ṣeé ṣe kí gbogbo èèyàn jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá 90, nínú òkùnkùn, pẹ̀lú ìdajì ẹnu ọ̀nà péré. Ìsáré yẹn ló ń ṣẹ́ ẹsẹ̀, òun náà ló sì ń gba ẹ̀mí là. Kò sí ẹni tí yóò bínú sí yín nínú wa bí ẹ bá gba ẹ̀tọ́ yín. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣí ẹnu ọ̀nà nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ wa sọ pé inṣọ́ránsì wà fún ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tó ṣẹ́, kí àwa má dúró ronú nípa rẹ̀.

Báàgì ló ń bí mi nínú. Nígbà tí bàlúù JAL, ilé-iṣẹ́ bàlúù Japan, jóná ní pápákọ̀ Haneda ní 2 oṣù Kìíní 2024, gbogbo èrò 367 àti òṣìṣẹ́ 12 ló jáde láàyè, ẹrù ò sì dí wọn lọ́nà. Ní Dubai ní 2016, ẹ rí fídíò àwọn tó ń wá báàgì nígbà tí èéfín ti kún inú bàlúù Emirates. Ọkùnrin tó já lù yín yẹn, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wa ti gbá ọwọ́ rẹ̀ tí kò gbọ́. Ẹ ní kí lọ́yà yín béèrè nípa ìyẹn: ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà, kí ló rí, kí ló kọ sílẹ̀? A máa ń kọ ìròyìn lẹ́yìn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Kí ó tún béèrè bóyá àwọn awakọ̀ ti pa ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó ṣí ẹnu ọ̀nà. Ní Chicago, 28 oṣù Kẹwàá 2016, ẹ́ńjìnnì ọ̀tún bàlúù American Airlines 383 fọ́, iná ràn. Ẹnì kan ṣoṣo tó fara pa gidigidi níbẹ̀ kò jóná. Afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì òsì tí wọn ò tíì pa ló bì í ṣubú nígbà tó ti jáde. Bí nǹkan bẹ́ẹ̀ bá wà nínú tiyín, "a ṣe ohun tó yẹ" kò ní lè dúró lókè ìlà tí ẹ̀gbọ́n Amòfin sọ yẹn.

Àwọn olùṣèwádìí á gbé ìròyìn jáde. Iṣẹ́ tiwọn ni kí irú rẹ̀ má ṣẹlẹ̀ mọ́, wọn kì í dá ẹ̀bi fún ẹnikẹ́ni, ẹ má dúró dè wọ́n.

Bàbá Kékeré dáhùn:

Mi ò mọ òfin, ohun tó ṣe mí ni mo mọ̀. Orúnkún ni tèmi, lórí sílàìdì náà ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n fi ìwé kan ránṣẹ́, owó tó wà nínú rẹ̀ sì dára lójú mi nígbà yẹn, torí mo ti ń rìn. Mo buwọ́ lù ú lórí tábìlì ìjẹun, mi ò kà ju ojú ìwé àkọ́kọ́ lọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e, dókítà ní iṣan inú orúnkún náà ti ya látìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ní láti là á. Mo padà kọ̀wé sí wọn. Wọ́n fi ojú ìwé kejì ránṣẹ́ sí mi, wọ́n fi ínkì ọsàn kun gbólóhùn kan: "gbogbo ìpalára tí a mọ̀ àti èyí tí a kò tíì mọ̀". Èmi ni mo san owó iṣẹ́ abẹ yẹn.

Ẹ wo ìwé yín dáadáa bóyá irú gbólóhùn yẹn wà níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì dáhùn:

Bàbá Kékeré, ó wà níbẹ̀. Ojú ìwé kẹta. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra tán.

Ẹ̀gbọ́n Amòfin, mo wo tíkẹ́ẹ̀tì. Ṣáájú 28 oṣù Kejìlá 2024 ni. Ìbéèrè méjì ló kù lẹ́nu mi. Inṣọ́ránsì ìrìnàjò mi ti san apá kan owó ilé ìwòsàn, ṣé ìyẹn ti pa ẹ̀tọ́ mi? Ẹ̀ẹ̀kejì, lẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì wọ́n kọ ọ́ pé ilé-iṣẹ́ kò ní san ju iye kékeré kan lọ fún ìpalára.

Amòfin dáhùn:

Kò pa á, Mà. Ó kàn lè jẹ́ pé inṣọ́ránsì náà á fẹ́ gba tirẹ̀ padà nínú ohun tó bá wọlé, kí lọ́yà yín ka ìwé àdéhùn wọn. Èyí tó wà lẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì, Abala 26 ti sọ pé òfo ni: wọn kò lè fi ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì rẹ ìlà náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí ẹ bá buwọ́ lù lẹ́yìn ìjàǹbá kò sí lára èyí tó sọ di òfo. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé e wá.

Ohun tí ẹ máa kó jọ: boarding pass, X-ray ti ọjọ́ àkọ́kọ́ àti ti lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, rìsíìtì, ìwé owó oṣù ṣáájú àti lẹ́yìn. Fún ìpayà òru, ẹ lọ rí dókítà ọkàn kí ẹjọ́ tó wọlé. Ohun tí ẹ sọ fún wa níbí, tí kò bá sí nínú ìwé oníṣègùn, kò ní wúlò fún adájọ́. Bí ẹ bá mọ ẹni tó jókòó tì yín, ẹ wá a.

Ìyá Ìbejì dáhùn:

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Mo ní kí n padà wá sọ bó ṣe ń lọ.

Lọ́yà tí mo rí ka gbogbo ímeèlì oṣù mọ́kànlélógún yẹn ní ìjókòó kan. Ibi tí mò ń gbé ló ní ká ti pe ẹjọ́ náà, torí ojú tí kóòtù ibí fi ń wo ìpalára ọkàn dára ju ti ibi tí olú iṣẹ́ wọn wà lọ. Ìwé ẹjọ́ náà wọ kóòtù lánàá, ó ku ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gọ́ta kí ọdún méjì pé. Dókítà ọkàn ti rí mi lẹ́ẹ̀mejì. Obìnrin tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi dáhùn nígbà tí mo kọ̀wé sí i. Ó ní òun rí ọkùnrin oníbáàgì yẹn, òun sì rántí pé ẹsẹ̀ lásán ni mo fi fò.

Mo kọ lẹ́tà sí ọmọbìnrin tó tì mí lẹ́yìn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́yà ní kí n má tíì fi ránṣẹ́ di ìgbà tí ẹjọ́ bá parí. Ó wà nínú fáìlì kan náà pẹ̀lú X-ray mi.